Sákẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀, Kétu, Sábẹ̀ àbí abúlé gan-an: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀

Owó ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè bí wọ́n bá fẹ́ kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí Kútọnù, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ máa gbé ìlú kékeré. Omi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ibo ló ti ń wá? Báwo ni kànga ṣe jìn tó? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i lóṣù kẹta, nígbà tí ọ̀dá bá ti mú? Lójú ẹni tó ń bá ọkọ̀ kọjá, àwọn ìlú Yorùbá tó wà láàárín Àjàṣẹ́ sí Sábẹ̀ jọra: páànù tó ti pupa, ilé ìwé, ọjà ẹ̀bá títì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dó sí yàtọ̀ gidi gan-an. Ilẹ̀ yẹn ló ń pinnu omi tí ẹ ó mu, bí ògiri yín yóò ṣe pẹ́ tó, àti bóyá ọkọ̀ á lè dé ẹnu ọ̀nà yín lóṣù kẹfà.

Ohun tí a ó fi wo ìlú kọ̀ọ̀kan ni omi àti ilẹ̀, iná, ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, ká tó wá kan ìwé ilẹ̀. Wọn kò wúwo bákan náà o. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ tàbí ìyá arúgbó nílé, ilé ìwòsàn ni kó fi ṣe èkejì omi. Ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti ń jẹun, iná ni.

Bí ẹ ó ṣe yẹ ilé wò kí ẹ tó sanwó

Ìdílé ẹni márùn-ún tí kì í fi omi ṣòfò ń lo bí lítà 100 lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin nìyẹn, 120 kẹ́ẹ̀gì lóṣù. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ládùúgbò yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sọ ọ́ dìlọ́nà 120, ẹ fi owó ẹni tó ń fi alùpùpù gbé e wá kún un, kí ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ lé owó ilé. Ilé tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú á wá wọ́n ju èyí tí ẹ̀rọ SONEB, ilé iṣẹ́ omi Bẹ̀nẹ̀, wà nínú ọgbà rẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ sì má gbà pé omi wà torí pé ẹ rí ẹ̀rọ. Ẹ dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ ṣí i, ẹ wo bí garawa ṣe ń pẹ́ tó kó tó kún. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé.

Iná náà ní ìdánwò tirẹ̀. Fóltì 220 ló yẹ kó máa wá. Ẹ ya ẹ̀rọ tí àwọn oníná fi ń wọn iná, ẹ wọ̀n ọ́n láàárín agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́ tí gbogbo ìlú ń lo iná. Bó bá ń já sí 180, fìríìjì yín kò ní pẹ́: mọ́tò rẹ̀ á máa gbìyànjú láti gbéra, kò ní lè gbéra, á gbóná títí á fi jó. Ẹ wo kọ́ńtà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé ayálégbé ló jẹ́ pé kọ́ńtà SBEE (ilé iṣẹ́ iná Bẹ̀nẹ̀) kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Onílé á wá fi kọ́ńtà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan, iye tó ń gbà lórí iná sì lè ju ti SBEE lọ. Kọ́ńtà tó jẹ́ tiyín, tí ẹ ń fi owó sí fúnra yín, ló dára jù.

Ní ti fóònù, ẹ mú káàdì MTN, Moov àti Celtiis dání, kí ẹ pe èèyàn láti inú yàrá, kì í ṣe láti ojú títì. Abẹ́ páànù kì í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ìta.

Òfin ilé gbígbé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2018 kò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Ní ìlú kékeré, ẹnu ni wọ́n sábà fi ń ṣe àdéhùn, owó ọdún kan sì lè ti ẹnu ẹlòmíràn jáde láìbojúwẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí dèlégé, olórí àdúgbò, mọ̀ sí i.

Sákẹ́tẹ́

Kò tó 40 km sí Àjàṣẹ́, ọ̀dà ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ló wúlò fún jù, nítorí ó lè lọ kó sì bọ̀ lóòjọ́. Ilé ìwòsàn àgbègbè wà níbẹ̀, ọ̀pẹ pọ̀, epo pupa kì í wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnù ti mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ ti wọ́n, wọ́n sì ti tà á ní ìtàkútà níbòmíràn. Tí ẹ bá ń wá ìgbésí ayé ìlú kékeré gidi, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń bọ̀ láti ibi tí wọn kì í ti í ṣe Orò, ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kó dé, ní Sákẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ pàápàá. Òru tí wọ́n bá kéde, obìnrin kì í jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ gbọ́dọ̀ ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú kó lè sùn síbi iṣẹ́, kì í ṣe kó máa wá ọ̀nà àbùjá lóru.

Pọ́bẹ̀

Bí 60 km ni sí Àjàṣẹ́. Òun ni ìjọba fi ṣe olú ìlú ẹkùn Plateau ní 2016, nítorí náà ọ́fíìsì préfè, aṣojú ìjọba lórí ẹkùn náà, wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń yá ilé. Ilé ìwòsàn àgbègbè tó ń tọ́jú Pọ́bẹ̀, Adja-Ouèrè àti Kétu wà nínú ìlú. Lára ibi tí wọ́n ti mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ Buruli dáadáa jù ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àrùn yẹn ń bá àwọn tó ń gbé nítòsí àbàtà jà: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tí kì í dunni, á wá di ọgbẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè wò ó láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó fẹ́ dáko ẹ̀bá odò ní agbègbè yìí, kó máa wo ara àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá ń wẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Pọ́bẹ̀ wà lórí ibi tí ẹ bá gbé ilé sí. Ìlú fúnra rẹ̀ dára. Tí ẹ bá wá kọjá lọ sápá àríwá, sí ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí ní Issaba àti Onigbolo, ilẹ̀ á yí padà di amọ̀ dúdú. Ilẹ̀ yẹn ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì ń sán bí ọ̀dá bá dé débi pé ọwọ́ lè wọnú àlàfo rẹ̀. Ó lóúnjẹ nínú fún ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n fún ilé, wàhálà ni. Ẹ wo ògiri àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀: bí ìlà bá ti igun fèrèsé fì lọ sísàlẹ̀, tí owó ẹyọ sì lè wọ inú rẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Kíkùn ọ̀dà kò wò ó.

Ìdánwò kékeré kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù tí kò já, tí ẹ tún lè ká a bí òrùka láìsán, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè máa wú. Bó bá ń já wẹ́wẹ́, yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, ilé yín á sinmi. Ẹni tó bá kọ́lé lórí amọ̀ náà ṣáá, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ibi tí ilẹ̀ ń sán dé, kó fi kankéré onírin yí gbogbo ìsàlẹ̀ ilé ká, kó má sì gbin igi ńlá mọ́ ògiri, torí igi ń mu omi abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ilé á wá rì ju èkejì lọ. Owó ìpìlẹ̀ yìí máa ń jẹ gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè lórí ilẹ̀ olówó kékeré.

Lóṣù kẹfà, alùpùpù kì í kọjá lórí amọ̀ yẹn bí kò bá sí ọ̀dà: á kó mọ́ táyà títí táyà á fi há. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Onigbolo, nítorí náà ọkọ̀ ńlá pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má yá ilé tó kọjú sí títì gan-an bí ẹnikẹ́ni nílé bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Kétu

Ó lé díẹ̀ ní 100 km sí Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ pupa orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ó dára fún ilé, omi òjò kì í dúró sí i, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe dáadáa, nítorí òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin dé ìkeje, àti láti ìkẹsàn-án dé ìkọkànlá. Ìlú ọlọ́ba ni, ó ti wà láyé tipẹ́. Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ṣì wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ń jáde. Àlejò tó bá lọ kí àwọn àgbà àdúgbò kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, wọ́n á gbà á mọ́ra.

Ohun tí Kétu kò ní ni omi tó sún mọ́ òkè. Ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi dúró lókè yẹn náà ló gbé e lọ sísàlẹ̀ réré. Kànga ọwọ́ lè ju mítà 30 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: pẹ̀lú garawa lítà 10, lítà 100 jẹ́ fífà mẹ́wàá, okùn 300 mítà ló ń gba ọwọ́ èèyàn kọjá lójoojúmọ́. Ọmọ ló sábà máa ń fà á, ṣáájú ilé ìwé. Nítorí náà, ní Kétu, ilé tó ní ẹ̀rọ omi tàbí tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta omi ẹ̀rọ ni kí ẹ yá, kódà bó bá wọ́n. Bí onílé bá ní kànga òun kì í gbẹ, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jù ú sínú rẹ̀, ẹ wọn apá tó gbẹ àti apá tó rin nínú okùn náà. Oṣù kẹta ni kí ẹ ṣe é. Kànga tó ní omi lóṣù keje kò tíì fi ohunkóhun hàn.

Omi òjò ló ń gbani ní Kétu. Páànù tó gùn mítà 10, tó sì fẹ̀ mítà 6, ń gba lítà 60 nínú òjò mìlímítà kan. Bí ẹ bá yọ ìdá márùn-ún rẹ̀ kúrò fún èyí tó ń ta dànù, òjò mìlímítà 20 á fún yín ní bíi lítà 960. Fún mímu àti sísè nìkan, lítà 25 lójúmọ́ tó ìdílé ẹni márùn-ún. Láti àárín oṣù kọkànlá dé ìparí oṣù kẹta jẹ́ bí 135 ọjọ́, nítorí náà táńkì lítà 3,500 tó kún nígbà òjò ìkẹyìn á gbé yín dé òjò àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù kí ẹ tó dà á sínú táńkì, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀. Táńkì oní sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gbẹ pátápátá nígbà ọyẹ́, torí á sán.

Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu láti 2013, èyí tó di Université Nationale d'Agriculture ní 2016. Àǹfààní ni fún ẹni tó fẹ́ ta oúnjẹ, tẹ ìwé tàbí yá yàrá fún èèyàn. Fún ẹni tó ń wá yàrá, kó wá a nígbà ìsinmi, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé.

Ìlárá ni ààlà Nàìjíríà ti sún mọ́ Kétu, ọ̀rọ̀ yìí sì ní apá méjì. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kejìlá 2020, ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ ń lọ sí òdìkejì rí i lójú ara rẹ̀. Kpayo, epo bẹntiróòlù Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, náà gbówó lórí láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣòwò ní Kétu, ẹ má fi gbogbo owó yín sórí náírà.

Ní ti ìlera, ilé ìwòsàn kékeré wà nínú ìlú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tó le sábà máa ń gbé aláìsàn dé Pọ́bẹ̀. Ẹ ti mọ awakọ̀ tí ẹ ó pè lóru kí àìsàn tó dé.

Sábẹ̀

Ibí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Bí 250 km ni sí Kútọnù, lójú títì ńlá tó lọ sí Parakou. Ọkọ̀ kì í wọ́n lọ́sàn-án tàbí lóru, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló pọ̀ jù, títì yìí sì léwu fún alùpùpù lálẹ́. Ojú irin kọjá nínú ìlú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò ti dáwọ́ dúró tipẹ́, ẹ má kà á sí.

Orí àpáta ni Sábẹ̀ jókòó lé, àwọn òkè rẹ̀ sì lẹ́wà lójú. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò tàn kálẹ̀ níbẹ̀ bíi ti Kétu. Inú ibi tí àpáta ti là ló ń gbé. Èyí ló fà á tí kànga aládùúgbò fi lè kún, kí tiyín tó wà ní ogún mítà sí i gbẹ táútáú. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ omi onípọ́ǹpù kó san owó àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ ná kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, kó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ta ló máa ru gbèsè bí wọn kò bá kan omi. Àìkọ ìlà kan yẹn ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà: agbẹ́lẹ̀ á ní òun ti ṣe iṣẹ́ òun, onílé á ní òun kò rí omi, ihò á sì wà láàárín wọn.

Ẹ má gbé ilé sí ìdí òkè gan-an. Àpáta kì í mu omi, gbogbo òjò tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń sáré wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún máa ń di oòrùn ọ̀sán mú, yàrá tó wà nítòsí rẹ̀ á ṣì máa gbóná di ọ̀gànjọ́.

Òjò Sábẹ̀ fẹ́ jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo, láti bí oṣù kẹrin dé ìkẹwàá. Ọyẹ́ rẹ̀ sì le ju ti Kétu. Iṣu dára níbẹ̀, kájú ń mówó wá láti oṣù kejì dé ìkarùn-ún. Ẹni tó bá ra oko kájú kó la ọ̀nà tí iná kò ní lè rékọjá, kó ro ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 5 sí 10 yí i ká kí oṣù kejìlá tó dé, torí iná ìgbẹ́ kò mọ ààlà. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn màlúù ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹ tó gbin ẹ̀gẹ́ tó máa wà nílẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn.

Ilé ìwòsàn àgbègbè wà nínú Sábẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó fi ju Kétu lọ. Iṣẹ́ tún wà lára ilé iṣẹ́ ṣúgà àti lójú títì.

Abúlé gan-an: Idigny, Kaboua àti irú wọn

Idigny wà lábẹ́ Kétu, Kaboua lábẹ́ Sábẹ̀. Ilẹ̀ oko pọ̀, owó ilé kò tó nǹkan, oúnjẹ kò wọ́n nígbà ìkórè. Ẹ ṣètò iná yín fúnra yín bí SBEE kò bá dé ẹnu ọ̀nà. Fáànù wáàtì 50 fún wákàtí 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 400, gílóòbù wáàtì 7 mẹ́ta fún wákàtí 5 jẹ́ 105, fóònù méjì bí 20: gbogbo rẹ̀ 525. Bátìrì olójé fóltì 12 tó jẹ́ 100 Ah ń gbé 1,200, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fà á kọjá ìlàjì, kò ní pẹ́. Nítorí náà 600 lẹ ní, ó sì tó. Páńẹ́lì wáàtì 200 á lè dá a padà lójúmọ́ tí oòrùn bá ràn. Nígbà ọyẹ́, eruku ń bo páńẹ́lì. Ẹ máa fi aṣọ rírin nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìlera ni abúlé ti ń jáni kulẹ̀. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lè wà, dókítà kì í sí. Aboyún kó wọ ìlú nígbà tó bá wọ oṣù kẹjọ, ní pàtàkì bí oṣù ìbí rẹ̀ bá bọ́ sígbà òjò.

Ìwé ilẹ̀, níbikíbi tí ẹ bá yàn

Òfin ilẹ̀ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fi títì fọnsíyè ṣe ìwé tó fìdí múlẹ̀ jù. Ìwé títà tí ẹ fọwọ́ sí lábẹ́ igi kò sọ yín di onílẹ̀. Ní ìgbèríko, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ àjogúnbá, attestation de détention coutumière, lẹ máa ń bá pàdé: ẹ rí i pé gbogbo ẹbí tó nílẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe àkọ́bí nìkan, kí ẹ tún lọ bi ọ́fíìsì ANDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀, títí kan ará Nàìjíríà tó ní ìbátan ní Kétu, kò lè ra ilẹ̀ oko. Yíyá ló lè yá a, kó sì ní ìwé. Bí wọ́n bá sì yá yín nílẹ̀, ẹ má gbin ọ̀pẹ tàbí kájú sí i láìgbàṣẹ. Igi ni ẹ̀rí onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi sílẹ̀ tí a yá a ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ta ló yẹ kó yan èwo?

Ẹni tó ń lọ sí iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ lójoojúmọ́: Sákẹ́tẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba, arúgbó tó ń lo oògùn lóòrèkóòrè, ìdílé ọlọ́mọ kéékèèké: Pọ́bẹ̀, nínú ìlú, kì í ṣe lórí amọ̀. Oníṣòwò tí owó rẹ̀ kò so mọ́ ìhà kan ààlà, tàbí ẹni tó fẹ́ kọ́lé tí kò ní sán: Kétu, bó bá lè san owó táńkì. Ẹni tó fẹ́ iṣu àti kájú, tó sì lè fara da ooru: Sábẹ̀. Abúlé kò yẹ ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ni. Ẹni tó ní ẹbí níbẹ̀ tàbí tó fẹ́ dáko gidi ló lè gbà á.

Bí ìlú méjì bá ṣì ń bá ara wọn dìjà lọ́kàn yín, ẹ yá yàrá fún oṣù méjìlá kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì. Oṣù kẹta á fi omi ìlú hàn yín, oṣù kẹfà á fi ọ̀nà rẹ̀ hàn, oṣù kejìlá á sì fi bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe àyà àwọn ọmọ yín hàn.